Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí nípa ibi téèyàn ti lè jẹun dáadáa lálẹ́ ní Òṣogbo

Ìbéèrè kan náà ni mo máa ń dáhùn lórí WhatsApp ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, ìka ti ń dùn mí, mo wá kó gbogbo ẹ̀ jọ síbí. Ẹ wá tiyín níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó pè mí.

Kí ni ìyàtọ̀ láàrin búkà ọ̀sán àti ibi téèyàn lè lọ jẹun lálẹ́?

Ìyàtọ̀ pọ̀ o. Búkà ọ̀sán, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, àwọn ọlọ́jà àtàwọn onímọ́tò ló ń sè fún. Àárọ̀ kùtù ni ìyá olóúnjẹ ti ń dáná, tó bá máa fi di aago mẹ́ta ọ̀sán, ìsàlẹ̀ ìkòkò ló kù. Tẹ́ ẹ bá wá débẹ̀ ní aago mẹ́jọ alẹ́, àjẹkù ọ̀sán ni wọ́n máa bù fún yín, kódà kó jẹ́ pé obìnrin yẹn ló mọ ọbẹ̀ sè jù ní gbogbo Òṣogbo.

Ibi alẹ́ ní tiẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé ìkòkò kaná. Torí ẹ̀ ni kì í fi í ṣe "ṣé oúnjẹ wọn dùn?" ni mo máa ń kọ́kọ́ bèèrè nípa ibikíbi, "aago mélòó ni wọ́n ń sọ ọbẹ̀ alẹ́ kalẹ̀?" ni. Tí ẹni tó júwe ibẹ̀ fún yín ò bá mọ ìdáhùn sí èyí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọ̀sán lòun ń lọ síbẹ̀.

Àdúgbò wo ni kí n kọ́kọ́ wá?

Ó dá lórí irú fàájì tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe. Tó bá jẹ́ ibi tó ní àga tó dáa, tí mọ́tò rí ibi dúró sí, ẹ lọ wo apá Ògo-Olúwa títí lọ sójú ọ̀nà Gbọ̀ngán. Ọláìyá àti Òkè-Fìà wà láàrin ìgboro, ẹ̀ẹ̀yàn máa ń pọ̀ níbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú dáadáa, ìyẹn ló sì dáa níbẹ̀ torí oúnjẹ kì í jókòó pẹ́. Òkè-Baálẹ̀ ni ti àwọn ọmọ UNIOSUN, owó ibẹ̀ máa ń rọjú díẹ̀ àmọ́ nígbà tí iléèwé bá gba ìsinmi, àwọn olóúnjẹ kan máa ń ti ilẹ̀kùn pa tàbí kí wọ́n máa se ìkòkò kékeré.

Station Road àti apá Old Garage, ibi àgbà ni mo máa ń pè é, kò fi bẹ́ẹ̀ sí iná ràkọ̀ràkọ̀, àga onírọ́bà ni, àmọ́ àwọn ìyá kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ìyá tiwọn ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́. Èmi ò lè purọ́, ibẹ̀ lọkàn mi máa ń fà sí.

Aago mélòó ló dáa jù kéèyàn dé ibẹ̀?

Láàrin aago méje sí mẹ́jọ ààbọ̀. Kó tó di aago méje ẹran ò tíì rọ̀, lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án ẹ óò máa gbọ́ "ṣàkì ti tán, ẹ̀dọ̀ ti tán, pọ̀nmọ́ ló kù". Ọjọ́ Jímọ̀ àti Sátidé lọ̀rọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ Ajé kì í fi bẹ́ẹ̀ lérò, èmi kì í sì í fẹ́ jáde lọ́jọ́ Ajé torí pé ẹran Sọ́ńdè lẹ lè bá.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ọbẹ̀ yìí kì í ṣe ti ọ̀sán?

Gbẹ̀gìrì ló kọ́kọ́ máa ń tú wọn láṣìírí. Ẹ̀wà ni, kì í pẹ́ kan, pàápàá nígbà ooru, tí wọ́n bá sì ti ń gbé e gbóná léraléra ńṣe ló máa ń ki, ìsàlẹ̀ ẹ̀ á jó díẹ̀, ẹ máa gbọ́ òórùn ẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi kan ẹnu. Ewédú náà, tó bá ti pẹ́, ńṣe ló máa ń ya ara ẹ̀, omi lọ́tọ̀ ewé lọ́tọ̀, kò ní í fà mọ́, àwọ̀ ẹ̀ á sì dà bíi ti ewé gbígbẹ. Ìyá tó mọṣẹ́ máa ń mú ìjábẹ̀ ẹ̀, á já ti alẹ́ lọ́tọ̀, kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ẹni tí ò lè ṣe ìyẹn, kí ló tún máa lè ṣe?

Ọbẹ̀ ata ló ṣòroó mọ̀ torí pé epo àti ata máa ń bo àṣírí. Ohun tí mo máa ń wò níbẹ̀ ni ẹran. Ẹran tí wọ́n ti gbé gbóná lẹ́ẹ̀mẹ́ta lẹ́ẹ̀mẹrin máa ń fọ́ tí wọ́n bá ti fi ìgbákọ kàn án, ẹja ẹ̀ á ti fọ́ wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀ ìkòkò. Ẹ tún wo èéfín. Oúnjẹ tí kò gbóná tí kò tutù, tó ti wà bẹ́ẹ̀ ju wákàtí méjì lọ, ibẹ̀ ni kòkòrò àìfojúrí ti ń bí sí i. Ọbẹ̀ tí wọ́n ń tà gbọ́dọ̀ máa gbóná ju 60 digírì lọ ní gbogbo ìgbà, ìyẹn ni pé ẹ ò lè tìka bọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ fi í síbẹ̀. Ìkòkò tó wà lórí iná kékeré tó ń hó gbùdùgbùdù, mo fọkàn tán an ju èyí tó wà nínú àpótí gíláàsì oníná lọ, iná yẹn kì í sábà gbóná tó.

Báwo ni àmàlà tó dáa ṣe máa ń rí?

Ẹ gbàgbé àwọ̀ ná. Àwọn kan rò pé bó bá ṣe dúdú tó ló ṣe dáa tó, irọ́ ni. Iṣu yàtọ̀ síra wọn, bí wọ́n ṣe bọ̀ ọ́ yàtọ̀, bí oòrùn ṣe mú nígbà tí wọ́n ń sá a náà yàtọ̀. Ohun tí mo máa ń sá fún ni èyí tó ń rùn bí ohun tó bu, ìyẹn èlùbọ́ tí òjò pa kó tó gbẹ, kò sí ọbẹ̀ tó lè bo òórùn ẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹ fọwọ́ kàn án. Kò gbọdọ̀ ní kókó, kò sì gbọdọ̀ máa lẹ̀ mọ́ ìka bíi góòmù. Èyí tó ń lẹ̀ yẹn kò jiná. Ẹni tó ń rokà dáadáa, tó bá ti kọ́kọ́ rò ó tán, á bomi gbígbóná sí i, á dé e kó tún jiná, á wá padà sí i pẹ̀lú ọmọ orógùn kó tó kó o sílẹ̀. Àwọn tó ń kánjú torí èrò máa ń fo ibẹ̀ yẹn, òun ló fà á tí àmàlà ọjọ́ Sátidé fi máa ń burú ju ti Tọ́sìdeè lọ lọ́dọ̀ ẹnì kan náà.

Ọ̀rọ̀ kúlà wá ni wàhálà gan-an. Àmàlà tó ti wà nínú kúlà láti ọ̀sán máa ń làágùn, tẹ́ ẹ bá tú ọ̀rá ẹ̀ ẹ óò rí omi tó ń ṣàn létí ẹ̀, ara ẹ̀ á ti le, àárín á lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ dá a padà. Ẹ má bínú, ẹ má pariwo, ẹ kàn sọ pé "ìyá, ẹ bá mi mú èyí tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rò, mo lè dúró". Àwọn tó ní ẹ̀rí ọkàn á ní kẹ́ ẹ fún wọn ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Èyí tó bá sọ pé òun ò ní í rò mọ́ lálẹ́ yìí, ẹ ti rí ìdáhùn yín.

Nílẹ̀ ibí tẹ́ ẹ bá ti pe àmàlà, dúdú ni wọ́n máa gbé wá. Ẹ̀yin ará Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú tẹ́ ẹ fẹ́ láfún, ẹ tètè dárúkọ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó jókòó, kì í ṣe gbogbo ibi ló ń se é.

Iyán lálẹ́ ńkọ́?

Etí ni wọ́n fi ń yan ibi iyán, kì í ṣe ojú. Tẹ́ ẹ bá jókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tẹ́ ẹ ò gbọ́ odó, bóyá iyán ọ̀sán ni tàbí kó jẹ́ èlùbọ́ páńdò tí wọ́n rò bí ọkà. Kò sí ohun tó burú nínú páńdò o, kí wọ́n ṣáà má gba owó iyán lọ́wọ́ yín. Àwọn ibì kan ti ra ẹ̀rọ báyìí, ìyẹn náà máa ń kùn, ó sì ń gún un kúnná, àmọ́ ẹnu mi ṣì mọ ti odó yàtọ̀.

Àsìkò iṣu tuntun, láti bíi oṣù keje sẹ́jọ lọ, iyán máa ń rọ̀ jù, ó máa ń dà bíi ọ̀gì. Kì í ṣe ẹ̀bi olóúnjẹ, omi ló pọ̀ nínú iṣu. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ iyán tó dúró, tó fà, ẹ bèèrè bóyá iṣu ọdún tó kọjá ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

Ẹran wo ni kí n mú, báwo ni wọ́n ṣe ń ka owó ẹ̀?

Ẹyọ ẹyọ ni wọ́n ń ka ẹran ní ọ̀pọ̀ ibi, òkèlè náà ní owó tiẹ̀ lọ́tọ̀, ọbẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́ ọ̀fẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú àlejò. Ẹni tó bá ń nawọ́ sí ẹran láì bèèrè, "fi ìyẹn sí i, fi tọ̀hún náà sí i", tó bá máa fi jókòó tán owó ẹ̀ á ti ju ti ilé oúnjẹ aláfẹ́ lọ. Ẹ bèèrè iye ẹyọ kan kí wọ́n tó bù ú. Kò tini lójú rárá, àwọn olówó gan-an ló ń bèèrè jù.

Fún alẹ́, ògúnfe ni mo fi ń dán olóúnjẹ wò. Ẹran ewúrẹ́ kì í gba ìmẹ́lẹ́, tí wọn ò bá fọ̀ ọ́ dáadáa tí wọn ò bọ̀ ọ́ tó, òórùn òbúkọ á kí yín láti ẹnu ọ̀nà. Ṣàkì àti abọ́dì, inú wọn ni kẹ́ ẹ wò, tó bá ṣì ní yanrìn tàbí àwọ̀ ewé nínú àwọn ìṣẹ́po ẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Pọ̀nmọ́ tó ní òórùn epo tàbí ti rọ́bà, ẹ má jẹ ẹ́, wọ́n ti fi táyà sun ún nìyẹn.

Ẹran ìgbẹ́? Mo ti jẹ ewúrẹ́ tí wọ́n pè ní ẹtu ju ìgbà kan lọ. Tí wọn ò bá lè fi awọ tàbí orí ẹ̀ hàn yín, ẹ san owó ewúrẹ́.

Mi ò fẹ́ òkèlè, pẹpẹsúùpù ẹja ni mo fẹ́. Kí ni kí n wò?

Ẹja àrọ̀ tó wà láàyè nínú báàfù tàbí táǹkì ni kẹ́ ẹ bá. Ẹ̀yin lẹ máa nawọ́ sí èyí tẹ́ ẹ fẹ́, wọ́n á gbé e sórí ìwọ̀n níṣojú yín, ẹ óò fẹnu kò sí owó, kí wọ́n tó pa á. Ẹja tó ti kú tí wọ́n mú wá látinú fíríìjì, owó ẹ̀ gbọ́dọ̀ yàtọ̀. Tẹ́ ẹ bá ti yan tiyín, ẹ rọra máa fojú bá a lọ títí dé ìdí iná, èmi ti rí i tí ẹja kìlógíráàmù méjì wọlé, tó jáde bí ọmọ ẹja.

Ata ibẹ̀ náà lọ́nà. Ata rodo ló máa ń ta lẹ́nu, àmọ́ èèrù àti ẹfinrin ló ń fún un ní òórùn. Èyí tó kàn ń ta láì rùn, omi ata àti Maggi lásán ni. Ẹ tún má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan yín pé ẹja odò Ọ̀ṣun lòun ń tà ní owó gọbọi, wọn kì í pẹja nínú igbó Ọ̀ṣun rárá, èèwọ̀ ni, òfin náà sì ti wà níbẹ̀ tipẹ́ kí UNESCO tó fi igbó yẹn sínú àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Inú pọ́ǹdù ni ẹja pẹpẹsúùpù ti ń wá, kò sì sí àléébù níbẹ̀.

Ṣé mo lè rí ẹmu gidi lálẹ́?

Ẹmu gidi lálẹ́ kì í dùn bí ṣúgà, ẹ fi èyí sọ́kàn. Láti ìgbà tó bá ti kán sínú agbè ló ti ń hó, èyí tí wọ́n dá láàárọ̀ tó dùn mọ̀ràn-ìn, tó bá di alẹ́ á ti kan, á sì ti le. Tẹ́ ẹ bá wá mu ẹmu ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ tó ṣì ń dùn bíi mínírà, sakarín-ìnì, ìyẹn èròjà tó ń dùn bíi ṣúgà, ló wà níbẹ̀, tàbí kó jẹ́ èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá nírọ̀lẹ́. Ẹ bèèrè. Ẹlẹ́mu tó jẹ́ olóòótọ́ máa ń mọ aago tí wọ́n gbé tiẹ̀ dé.

Ẹ̀gbọ́n mi dé láti London, kọ́rì ló ní òun fẹ́ jáde lọ jẹ. Ṣé ó wà ní Òṣogbo?

Ẹ kọ́kọ́ ṣàlàyé fún wọn pé kọ́rì tiwa àti kọ́rì tiwọn kì í ṣe nǹkan kan náà. Tiwa, ìyẹ̀fun inú ike ni, èyí tó máa ń pọ́n bí òdòdó nítorí atalẹ̀ pupa tó wà nínú ẹ̀, à ń bù ú sínú ìrẹsì díndín àti ọbẹ̀ adìẹ pẹ̀lú táìmù, ó tán. Lọ́dọ̀ àwọn ará India, kọ́rì ni odindi ọbẹ̀ fúnra ẹ̀, bó ṣe jẹ́ pé ẹ̀fọ́ rírò ò jọ ẹ̀gúsí náà ni kọ́rì kan ò jọ èkejì. Àwọn Òyìnbó ló da oríṣi èròjà bíi mélòó kan pọ̀ sínú ìyẹ̀fun kan tí wọ́n sì fún un lórúkọ yẹn. Ní London, fàájì alẹ́ ni kọ́rì jẹ́ fún wọn, ó sì ti pẹ́, 1810 ni ọmọ India kan ti ṣí ilé oúnjẹ kọ́rì síbẹ̀. Bí àwa ṣe ń lọ síbi pẹpẹsúùpù lọ́jọ́ Jímọ̀ ni wọ́n ń lọ síbi kọ́rì.

Ilé oúnjẹ India gidi, Èkó ni kí wọ́n wá a lọ. Ohun tẹ́ ẹ máa rí lọ́dọ̀ wa ni ìrẹsì pẹ̀lú ọbẹ̀ kọ́rì adìẹ lórí ìwé oúnjẹ àwọn òtẹ́ẹ̀lì kan. Ẹ pe ibẹ̀ ṣáájú, kẹ́ ẹ bi wọ́n léèrè ohun méjì: ṣé wọ́n ń din àlùbọ́sà, atalẹ̀ àti áyù kí wọ́n tó da èròjà sí i, àbí wọ́n kàn ń bu ìyẹ̀fun kọ́rì sínú ọbẹ̀ ata? Tó bá jẹ́ èkejì, ẹ gba owó yín sílẹ̀ jàre.

Ìmọ̀ràn tèmi? Ọbẹ̀ ata díndín pẹ̀lú ògúnfe ló sún mọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n yín ń wá jù. Àlùbọ́sà àti tòmátì tí wọ́n din títí epo fi yọ sókè, ẹran tó rọ̀, ata tó ń lá ahọ́n. Mo mú bùrọ̀dá kan tó ti lo ogún ọdún nílùú ọba lọ síbi kan báyìí ní Station Road, kò dárúkọ kọ́rì mọ́ títí tó fi padà.

Ṣé ibi tó ní ẹ́sì (ẹ̀rọ amúlétutù) dáa ju búkà lọ?

Ẹ́sì kì í se ọbẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ ń sanwó fún níbẹ̀ ni ìjókòó, ilé ìyàgbẹ́ tó mọ́, ibi téèyàn lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnìkejì ẹ̀, kò sì sí ohun tó burú nínú ìyẹn. Àmọ́ àwọn ibi ńlá kan, àárọ̀ ni wọ́n ti ń se gbogbo ẹ̀, wọ́n á kó o sí fíríìjì, wọ́n á máa gbé e gbóná nínú máíkírówéèfù bí èèyàn bá ṣe ń dé. Búkà tó ń tà wàràwàrà máa ń sè lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́. Ẹ wá mú èyí tó wù yín.

Èrò tó pọ̀ níbì kan, ṣé ó fi hàn pé oúnjẹ ibẹ̀ dáa?

Ó sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ wo irú èrò tó jẹ́. Tó bá jẹ́ bọ́ọ̀lù ni gbogbo wọn ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n, bíà ló wà níwájú wọn, kò sí àwo oúnjẹ, bọ́ọ̀lù ló kó wọn wá. Èyí tí mo máa ń wá ni ibi tí àwọn ọlọ́kadà, agbẹjọ́rò àti màmá arúgbó kan ti jókòó nídìí tábìlì kan náà tí ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀. Ẹ tún ka àwọn tó ń ra oúnjẹ lọ sílé nínú kúlà wọn. Èèyàn ò ní í ra ìbàjẹ́ lọ fún àwọn ọmọ ẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ibẹ̀ mọ́, nígbà tí wọn ò jẹ́ kí n wọ ilé ìdáná?

Ibi tí wọ́n ti ń fọ abọ́ ni kẹ́ ẹ wò, ó máa ń wà níta. Báàfù méjì ló yẹ kó wà, ọ̀kan ọlọ́ṣẹ, ọ̀kan tí wọ́n fi ń ṣan án, omi tí wọ́n fi ń ṣan án kò sì gbọdọ̀ dúdú. Báàfù kan ṣoṣo tí gbogbo abọ́ láti ọ̀sán ti ń wọ̀ tó ń jáde, ẹ máa lọ.

Ẹ wo ọwọ́ ẹni tó ń bu oúnjẹ, ṣé òun náà ló ń gba owó? Náírà ti rìn jìnnà o. Ibi tí wọ́n ti ní ẹni ọ̀tọ̀ fún owó, mo máa ń fún wọn ní máàkì gidi. Omi ìfọwọ́ náà, kó jẹ́ èyí tó ń ṣàn tàbí èyí tí wọ́n dà fún yín nìkan, kì í ṣe abọ́ kan tí gbogbo tábìlì ń ti ọwọ́ bọ̀, ibẹ̀ ni onígbáméjì ti máa ń rí ọ̀nà.

Mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà, ṣé kí n kàn jókòó sílé ni?

Rárá o. Ohun tí dókítà yín bá sọ ló lékè, àmọ́ fún jíjáde alẹ́, òkèlè kan tó kéré, ẹ̀fọ́ tó pọ̀, ẹja dípò ẹran ọlọ́ràá, kẹ́ ẹ sì fi mínírà sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé. Kí ẹlẹ́jẹ̀ ríru bèèrè bóyá kánún wà nínú ewédú, èròjà sódíọ̀mù bíi ti inú iyọ̀ ló kún inú ẹ̀, àwọn ìyá kan máa ń dà á sí i gan-an kó lè tètè jiná. Tẹ́ ẹ bá sọ fún wọn kí wọ́n tó já ti alẹ́, ọ̀pọ̀ wọn á yọ tiyín sọ́tọ̀.

Mo fẹ́ mú àna mi jáde. Níbo ló yẹ?

Ẹ má mú àna yín lọ síbi tẹ́ ẹ ò tíì jẹun rí. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Wọ́n júwe ibì kan fún mi, iná aláràbarà yí ibẹ̀ ká, orin ń lọ, mo wọ agbádá, mo mú ìyá ìyàwó mi àti àbúrò wọn lọ. Àmàlà dé, ó tutù bí ẹsẹ̀ òkú, ọmọ tó gbé e wá ní "ẹ máa jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀ sà", jẹnẹrétọ̀ tún kú láàrin ẹ̀. Màmá ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn rọra ń jẹ pọ̀nmọ́ inú òkùnkùn. Nígbà tá a délé ni wọ́n ní kí ìyàwó mi bá wọn po ẹ̀kọ. Títí dòní tí mo bá ní ká jáde, ohun tí wọ́n máa ń bi mí ni "ṣé iná wà níbẹ̀?"

Nísinsìnyí, mo máa ń dá lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní irú ọjọ́ àti irú aago kan náà tí mo fẹ́ mú wọn lọ. Mo tún máa ń wò ó bóyá àga ibẹ̀ ní ìfẹ̀yìntì, bóyá àtẹ̀gùn ò pọ̀ jù fún orúnkún àgbà, bóyá ariwo orin á jẹ́ ká gbọ́ra. Àgbà máa ń gbàgbé ọbẹ̀ tí ò dùn, àmọ́ wọn kì í gbàgbé àga tó dùn wọ́n lẹ́yìn.

Báwo ni ti owó, ṣé tránsífà máa ń lọ?

Ó máa ń lọ, kó ṣáà má jẹ́ ọjọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń ṣe tiẹ̀. Èyí tó ń dá ìjà sílẹ̀ ni owó tó ti kúrò lọ́dọ̀ yín tí álẹ́ẹ̀tì ò dé ọ̀dọ̀ ìyá olóúnjẹ. Ẹ máa mú káàṣì tó tó owó oúnjẹ ẹni kan lọ́wọ́, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn bí ìdánilójú, ẹ padà wá gbà á lọ́jọ́ kejì. Wọ́n á bọ̀wọ̀ fún yín títí láé.

Níbi ńlá, tẹ́ ẹ bá rí i pé owó inú ìwé ju èyí tẹ́ ẹ rò lọ, ẹ wo ìsàlẹ̀, VAT ni wọ́n fi lé e, 7.5% ló ti jẹ́ láti 2020. Àwọn kan tún máa ń fi owó iṣẹ́ lé e láì sọ. Ìyẹn, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè ohun tó wà fún.

Àsìkò ọdún Ọ̀ṣun àti ààwẹ̀ Ràmàdánì ńkọ́?

Oṣù kẹjọ, tí àwọn àlejò bá ti dé láti Brazil, Amẹ́ríkà àti gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, gbogbo ohun tí mo ti sọ lókè yìí máa ń dojú rú. Olóúnjẹ tó ń se ìkòkò kan á máa se márùn-ún, ọwọ́ tí kì í ṣe tiẹ̀ á wọ ọbẹ̀. Alẹ́ tí wọ́n bá tan iná olójú mẹ́rìndínlógún láàfin, ẹ má gbìyànjú àtijẹun nítòsí Ọjà Ọba, ẹ ò ní í rí ibi ẹsẹ̀ lé. Ẹ sọ fún ìyá olóúnjẹ yín láti ọ̀sán, ẹ sanwó sílẹ̀, kí wọ́n gbé tiyín pamọ́.

Nínú Ràmàdánì, ìgbà tí wọ́n bá ń ṣínu lèrò máa ń ya dé lẹ́ẹ̀kan náà, oúnjẹ sì máa ń gbóná fẹlifẹli. Tẹ́ ẹ kì í bá ṣe Mùsùlùmí, ẹ jẹ́ kí àwọn tó gbààwẹ̀ kọ́kọ́ rí tiwọn gbà, ẹ wá lẹ́yìn àṣámù. Ẹ máa jẹun dáadáa lóṣù yẹn ju oṣù èyíkéyìí lọ, mo ti kíyè sí i lọ́dọọdún.

Kí ló dé tí o kì í fi í dárúkọ ibì kan pàtó?

Torí pé ọwọ́ ló ń se ọbẹ̀, kì í ṣe pátákó ìta. Ibì kan tí mo polówó fún gbogbo ayé, oṣù méjì lẹ́yìn ẹ̀ ìyá tó ń sè níbẹ̀ lọ tọ́jú ọmọ-ọmọ ẹ̀ ní Ìbàdàn, wọ́n gba ẹlòmíì, orúkọ ò yí, àga ò yí, ọbẹ̀ yí. Ẹ̀ẹ̀yàn mẹ́ta ló pè mí lọ́sẹ̀ yẹn láti bú mi.

Báwo la ṣe máa délé?

Tẹ́ ẹ ò bá gbé mọ́tò lọ, ẹ gba nọ́ńbà oní-Márúwá tó gbé yín dé, ẹ sọ aago tẹ́ ẹ fẹ́ lọ fún un. Kọ́rópe ti máa ń dín kù gan-an tó bá di aago mẹ́sàn-án, ẹni tó bá sì rí yín lójú ọ̀nà ní aago mọ́kànlá, iye tó bá wù ú ló máa pè. Ẹni tó bá mu ẹmu kó gbé kọ́kọ́rọ́ fún ẹni tí ò mu. Tékàwé tẹ́ ẹ bá sì rà fún àwọn ará ilé, ẹ má gbé e sórí itan, ọbẹ̀ máa ń jò.